Máṣíìnì Ẹni Tó Lọ sí Èkó

                                        Ilé Ajíbóyè,
                                        Odò-Ọjà,
                                        Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Ọ̀wàrà, 2025.

Fọláhàn, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Àánú ìyàwó rẹ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún nígbà tí ẹ wá kí wa lọ́dún tó kọjá ti fi í sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí tó kọ iyán wa, tó ní ìrẹsì nìkan lòun mọ̀? Mo lérò pé Ìlọrin tura, àti pé iṣẹ́ ń lọ déédéé. Àwa náà wà níhìn-ín. Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, iṣu tuntun ti pọ̀ lọ́jà, Bísọ́lá ìyàwó mi ń kí ọ. Màmá ń kí ọ pẹ̀lú. Wọ́n ní kí n bi ọ́ bóyá o ṣì ń sanra.

Mo mọ̀ pé wàá rẹ́rìn-ín pé ta ló tún ń kọ lẹ́tà láyé tí a wà yìí. Rẹ́rìn-ín dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo pè ọ́ lórí fóònù láti oṣù Agẹmọ, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta náà ni a sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù àti ọ̀rọ̀ òjò títí káàdì fi tán. Bí mo bá ti fẹ́ dé ibi ọ̀rọ̀ gan-an, ohùn mi á lọ. Ìwé kì í wo ojú ẹni, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́. Gbádébọ̀ tó ń wa mọ́tò lọ sí Ìlọrin ni yóò fi í lé ọ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ burúkú ni, tòun tẹ̀rín.

Ọ̀rọ̀ Táyé ni. Nígbà tí o kọ́kọ́ pè mí, o ní o gbọ́ pé Táyé ti lọ sí Èkó, pé kí Ọlọ́run tọ́jú àwa tó kù. Mo ní àmín. N kò bínú sí ọ. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìlú ṣe sọ ọ́ fún mi, láti orí àlùfáà wa dé orí obìnrin tó ń ta àkàrà. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, a kì í sọ ọ́ létí èkejì pé ó kú. Èkó ni a ó ní ó lọ. Ẹ̀rù ń ba àwọn àgbà pé bí èkejì bá gbọ́, òun náà á dìde tẹ̀ lé e. Àṣà yìí kò yọ àgbàlagbà sílẹ̀, kò sì yọ ẹni tó kàwé sílẹ̀.

Kí n sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí n kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ pè é ní oṣù Èbìbí. Ní ọjọ́ kẹrin a gbé e lọ sí ọsibítù ní Adó. Mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, a tilẹ̀ jà díẹ̀ nítorí ṣájà fóònù tí ó ní mo fẹ́ jí gbé. Ní ọjọ́ Ẹtì, mo wà ní kíláàsì, mo ń ya ẹ́ńjìnnì sójú pátákó fún àwọn ọmọ, nígbà tí wọ́n ní Màmá ránṣẹ́ sí mi. Wọn kò ní kí n wá sílé. Wọ́n ní kí n lọ sí ìlú Àgbàdo-Èkìtì sọ́dọ̀ Bàbá Akínpẹ̀lú, àbúrò Màmá, kí n lọ gba èlùbọ́ wá.

Èlùbọ́, Fọláhàn. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, láàárín iṣẹ́ ìjọba. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ náà. Ọkùnrin ọlọ́dún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mí, mo gba oyè ní yunifásítì, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo lè ní n kò lọ. Mo lè wọ mọ́tò Adó kí n lọ gbá òkú èkejì mi mọ́ra. Ṣùgbọ́n mo nu ẹfun kúrò lọ́wọ́ mi, mo wọ táksí, mo sì lọ gba èlùbọ́. Bàbá Akínpẹ̀lú kò jẹ́ kí n padà fún ọjọ́ méjì. Wọ́n ní kí n bá àwọn tún òrùlé ilé adìyẹ ṣe, mo sì bá wọn tún un ṣe. Nígbà tí mo dé Ìkẹ́rẹ́, wọ́n ti gbá àgbàlá wa mọ́ tónítóní. Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ojú wọn gbẹ. Wọ́n ní Táyé ti re Èkó. Mo ní kí wọ́n pẹ̀lẹ́, mo gbé èlùbọ́ kalẹ̀.

N kò rí òkú rẹ̀. N kò sì mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Bí nǹkan kan bá wà tí mo ń fẹ́ láyé láti ìgbà náà, òun ni pé kí ẹnì kan fi ibi tí ó wà hàn mí. Mo bi Mojísọ́lá, ìyàwó Táyé, léèrè lẹ́ẹ̀kan. Ó wolẹ̀, ó ní àwọn àgbà ti kìlọ̀ fún òun gidigidi, pé bí nǹkan bá ṣe mí, ọrùn òun ni yóò wà. N kò bi í mọ́.

Kí n má purọ́ fún ọ, n kò sunkún. Mo ń jí, mo ń wẹ̀, mo ń lọ síbi iṣẹ́, mo ń máàkì ìwé àwọn ọmọ. Bí Bísọ́lá bá gbé oúnjẹ wá, mo ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń ki òwú sínú ìrọ̀rí. Ikùn mi tí o máa ń fi ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ ti wọlé tán, ojú mi ti gùn. Àwọn ènìyàn ní ọkàn mi le, pé mo ṣe ọkùnrin. Kì í ṣe ọkàn líle. O mọ bí ẹsẹ̀ ṣe máa ń kú téèyàn bá jókòó lé e pẹ́, tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án tí kò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ara mi ṣe rí. O sì mọ̀ pé èmi ni ẹ̀gbọ́n, Kẹ́hìndé ló ń rán Táyé níṣẹ́ pé kó lọ tọ́ ayé wò. Ìrìn tó rìn kẹ́yìn yìí, n kò rán an.

Ní ìparí oṣù Ògún ni Mojísọ́lá wá bá Màmá. O rántí pé òṣìṣẹ́ ìlera ni, òun ló ń gún abẹ́rẹ́ àjẹsára fún àwọn ọmọdé. Wọ́n ti gbé e kúrò ní Ìkẹ́rẹ́ lọ sí ìlú Ìṣẹ́, àwọn abúlé oko tí táksí kì í dé ni wọ́n sì fún un. Wọ́n ní bí kò bá ní ohun tí yóò máa gùn títí àárín oṣù Ọ̀wàrà, àwọn yóò fi ẹlòmíràn síbẹ̀. Ó wá bẹ Màmá pé kí wọ́n fún òun ní máṣíìnì Táyé tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Màmá ní rárá. Wọ́n ní ẹni tó re Èkó á bọ̀, ta ni í pín ẹrù arìnrìn-àjò? Mojísọ́lá kò jiyàn. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bí ó ti ń lọ, mo sì rí i pé irọ́ kan náà ló ti ilẹ̀kùn mọ́ àwa méjèèjì.

O mọ máṣíìnì náà dáadáa. Pupa yẹn ni, èyí tí Táyé fi gbé ọ ní ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó rẹ, tó gbé ọ jù sínú gọ́tà lẹ́bàá ọjà, tí o fi wọ bàtà ẹni ẹlẹ́ni lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fi ṣe ọ̀kadà ní Ìkẹ́rẹ́ fún ọdún mẹ́jọ, lẹ́yìn náà ó fi ń kó kòkó àti iṣu láti oko rẹ̀ ní Aisegba. Nọ́ńbà tó ń ka ìrìn lójú rẹ̀ ti yí dé òpin, ó ti padà sí òdo, ó sì ti tún rin ọ̀nà jíjìn lẹ́yìn ìyẹn kí ó tó dákẹ́. Ó ti di ọdún mẹ́ta tí Táyé ti gbé e ti ògiri pé òun yóò tún un ṣe bí àyè bá yọ. Àyè kò yọ. Adìyẹ ń yé sórí ìjókòó rẹ̀, ewé ti hu gba inú ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kọjá, ìpẹtà sì ti bo gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni mo lọ bá Màmá. Mo bi wọ́n pé bí Táyé bá dé láti Èkó, ṣé wọ́n fẹ́ kí ó bá máṣíìnì rẹ̀ báyìí, kí ó ní ẹ̀gbọ́n òun wà nílé, kò lè bá òun bójú tó nǹkan? Màmá wò mí títí. Wọ́n ní kí n tọ́jú rẹ̀ dè é nígbà náà. Irọ́ wọn ni mo fi mú wọn, mo sì mọ̀ ọ́n. Kò dùn mọ́ mi, kò sì dùn mí.

Báyìí ni olùkọ́ tó ti ń ya ẹ́ńjìnnì sójú pátákó fún ọdún mọ́kànlélógún ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹ́ńjìnnì fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Má rẹ́rìn-ín mọ́, ó tó. O mọ̀ pé Táyé lọlọ́wọ́ nínú wa, èmi lẹlẹ́nu. Bí mo bá ti ti ilé-ìwé dé, mo á bọ́ aṣọ, mo á tẹ́ àpò ìrẹsì sílẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà tó wà lẹ́yìn ilé, mo á máa tú u. Mo da kẹrosíìnì àti òkúta wẹ́wẹ́ sínú táńkì, mo mì í títí apá mi fi ń ro mí, omi tó jáde pupa bí epo. Ìdọ̀tí inú kabúrétọ̀ ti dì bí àádùn, abẹ́rẹ́ ìránṣọ Bísọ́lá ni mo fi yọ ọ́. Bísọ́lá wá abẹ́rẹ́ náà títí di ọjọ́ Àìkú.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo to gbogbo rẹ̀ padà, nọ́ọ̀tì mẹ́ta ló ṣẹ́kù nínú agolo. Mo wo agolo, mo wo máṣíìnì. Mo lọ pe Timothy, mẹkáníìkì tí òun àti Táyé jọ ń ṣe. Ó yí máṣíìnì náà po lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, ṣé èmi náà ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ wọn? Mo ní nọ́ọ̀tì kì í ṣẹ́kù lójú pátákó. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Láti ọjọ́ náà ló ti ń yà sọ́dọ̀ mi lẹ́yìn iṣẹ́. Òun ló bá mi gbé ẹ́ńjìnnì lọ sọ́dọ̀ ẹni tó bá wa ha inú rẹ̀ fẹ̀ kí ó lè gba písítìn tuntun. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́, á máa sọ pé Táyé á gbádùn rẹ̀ gan-an tó bá dé. Timothy ló wa mọ́tò tí wọ́n fi gbé òkú Táyé kúrò ní Adó. Mo mọ̀, òun náà mọ̀ pé mo mọ̀. A jọ ń di bóòtù.

Ohun tí n kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé mo máa bá Táyé nínú máṣíìnì náà. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Àkísà ló kún inú máṣíìnì yìí. Níbi tí rọ́bà yẹ kó wà lábẹ́ táńkì, ó gé sílípáàsì búlúù síbẹ̀. Ìṣó ló tẹ̀ kọ́rọ́ sí ibi tí pínnì yẹ kó wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn. Agolo tòmátò ló gé fi di ojú ihò lára sàléńsà, ó fi wáyà so ó lọ́nà mẹ́rin, ó sì lọ́ orí wáyà náà sápá òdì, nítorí ọlọ́wọ́ òsì ni. Mẹkáníìkì mìíràn kò lè mọ̀. Èmi mọ̀. Mo jókòó sílẹ̀, mo di orí wáyà náà mú, mo retí pé nǹkan yóò ṣe mí. Mo dúró dè é. Adìyẹ kan wá, ó ṣá nǹkan kan jẹ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, ó lọ. Nǹkan kan kò ṣe mí. Mo fi píláyà gé wáyà náà, mo sì so tuntun.

Sílípáàsì yẹn nìkan ni n kò yọ. Rọ́bà tuntun tí mo rà nípọn jù, táńkì kò jókòó lé e dáadáa. Èyí tí Táyé gé ló bá a mu rẹ́gí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni iṣẹ́ náà gbà. Ní Sátidé ọjọ́ kọkànlá oṣù yìí, lẹ́yìn tí mo ta á lẹ́sẹ̀ títí orúnkún mi fi fẹ́ yẹ̀, ó wú ikọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó tu èéfín, ó sì dún. Ó dún kalẹ̀. Timothy ní kí n gùn ún lọ sí ìsàlẹ̀ àdúgbò kí n padà, kí a gbọ́ bí jíà rẹ̀ ṣe ń wọlé. Òjò ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Kóòtù òjò kan wà lórí ìṣó nínú ilé ìdáná, mo nawọ́ mú un, mo wọ̀ ọ́, mo dé fìlà rẹ̀ mọ́ orí, mo lọ. Fọláhàn, mo fi Ọlọ́run búra, n kò rò ó. Kóòtù Táyé ni.

Mo gùn ún dé ìsàlẹ̀, ó ń lọ dáadáa, mo yí i padà. Mo gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé. Màmá jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Wọ́n gbọ́ ìró máṣíìnì, wọ́n gbójú sókè, ojú wọn là. N kò rí ojú Màmá bẹ́ẹ̀ láti oṣù Èbìbí. Nínú kóòtù yẹn, pẹ̀lú bí mo ti rù tó, ojú kan náà ni Ọlọ́run sì fún àwa méjèèjì, kí ni wọn ì bá rí?

Wọ́n ní, "Táyé, ùwọ rè é? Ọ ti dé?"

Mo pa ẹ́ńjìnnì. Mo ṣí fìlà kúrò lórí. Mo ní, "Màmá, Kẹ́hìndé ni."

Ẹ̀gúsí tó wà lọ́wọ́ wọn ń bọ́ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn kò ṣà á. Timothy tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ilé rí wa, ó dúró, ó sì rọra padà. Lẹ́yìn náà Màmá sọ ọ́ bí ìgbà tí wọ́n bá ń sọ pé òjò ti dá.

"Mo mọ̀. Táyé ti kú."

Oṣù márùn-ún ni mo fi ń retí ọ̀rọ̀ yẹn. Mo dúró pẹ̀lú ọwọ́ máṣíìnì lọ́wọ́ mi, n kò mọ ohun tí ó yẹ kí n ṣe sí i. Màmá fọwọ́ lé àyà wọn.

Wọ́n ní, "Ọmọ méjì ni mo pọ̀n. Bí mo bá pariwo pé ọ̀kan kú, èkejì lè jẹ́ mi lóhùn. Mo bá gbé ukú náà mì. Ubi tí mo gbé e mì sí ló wà yìí."

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá wọn, mo sì ń bá wọn ṣa ẹ̀gúsí. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n sin ín sí fún mi. Wọ́n ní àwọn kò mọ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé irọ́ náà ló tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní, ta ni í fi sàréè ọmọ han ìyá ọmọ? Ojú tì mí, Fọláhàn. Èyí náà àṣà wa ni, ọmọ kékeré mọ̀ ọ́n: òbí kì í sin ọmọ, òbí kì í sì í mọ sàréè ọmọ rẹ̀. Láti oṣù Èbìbí ni mo ti ń bínú nínú mi pé Màmá ń fi ibi tí Táyé wà pamọ́ fún mi. Àṣé àwọn fúnra wọn kò mọ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ mọ̀ títí wọn ó fi lọ. Bísọ́lá tún wá sọ fún mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà pé láti ìgbà náà ni Màmá ti máa ń jí lóru wá sẹ́nu ọ̀nà wa láti fetí sí i bóyá mo ṣì ń mí. Ó ní wọ́n ti bẹ òun kí òun má sọ.

Màmá ní kí n pe Mojísọ́lá. Wọ́n ní kí ó mú mi lọ, kí ó sì máa gbé máṣíìnì rẹ̀ lọ bí a bá ti bọ̀. Wọ́n ní "máṣíìnì rẹ̀" láìfi nǹkan kan kún un. Nígbà tí Mojísọ́lá dé ní ọjọ́ kejì tí mo sọ fún un, ó bojú, ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ ṣeun. Ó ti sú mi láti máa wo ojú yín kí n máa sọ pé ọkọ mi wà l'Ékòó." N kò ronú kan òun náà rí, pé ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kò lè ṣọ̀fọ̀ lójú mi.

Òun ló jókòó sẹ́yìn tó ń júwe ọ̀nà. Oko Táyé ní Aisegba ni wọ́n sin ín sí. Kò sí lábẹ́ kòkó. Ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣán sílẹ̀ de iṣu ọdún yìí ni, ilẹ̀ gbalasa, kò sí igi kan, koríko ti bo ebè sàréè náà. Oòrùn ń pa á tààrà. Mojísọ́lá kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ tu koríko, ó ń sunkún. Mo dúró. Mo ní, "Táyé, mo dé." Ohùn mi jáde bí ìgbà tí mo bá ń pe orúkọ nínú rẹ́gísítà. Mo ti rò pé bí mo bá lè débẹ̀, gbogbo rẹ̀ yóò tú jáde. Kò tú. Mo ń wo èèrà tó ń gun ebè náà, mo ka mẹ́tàdínlógún, mo sì ní kí a máa lọ kí ilẹ̀ má ṣú.

Màmá dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Wọn kò bi mí ní ibi tí ó wà, wọn kò bi mí bí ó ṣe rí. Wọ́n jẹ́ kí Mojísọ́lá wọlé tán. Wọ́n wá dì mí lápá, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ṣé ugi wà níbẹ̀? Oòrùn ọ̀kadà ti pa á tó nígbà ayé ẹ̀."

Mo rí ilẹ̀ gbalasa yẹn lójú mi. Mo ní, "Ó wà, Màmá. Igi obì ni. Ó tóbi."

Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní ó dára, ó dára gan-an. Wọ́n wọlé, wọ́n sùn, Bísọ́lá ní wọn kò wá sẹ́nu ọ̀nà wa lóru yẹn. Èmi ni n kò sùn.

Mojísọ́lá gbé máṣíìnì lọ sí Ìṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ méjì ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Ó ní òun dé abúlé mẹ́rin ní ọ̀sẹ̀ kan, pé kò yọ òun lẹ́nu àfi ní orí òkè kan tí òun ní láti sọ̀kalẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Lánàá tó jẹ́ Sátidé ó gbé e wá fún mi. Mo ti gba ọ̀gbìn obì kan lọ́wọ́ ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. A so ó mọ́ ẹ̀yìn máṣíìnì, Mojísọ́lá sì gbé e mọ́ra kí afẹ́fẹ́ má ba ewé rẹ̀ jẹ́. Ó ní máńgòrò ni ì bá dára, obì ń pẹ́ púpọ̀ kó tó ṣíji bo ènìyàn. Mo ní obì ni mo sọ fún Màmá.

Èmi fúnra mi ni mo gbẹ́ ilẹ̀ náà. N kò gba ìrànlọ́wọ́. Ilẹ̀ rọ̀ nítorí òjò, mo gbẹ́ ẹ jìn, mo gbin ín sí ìhà ibi tí oòrùn ọ̀sán ti ń wá, mo fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ọgbà yí i ká. Bí mo ti ń tẹ ilẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ ni nǹkan kan ṣe mí nínú. Mo kọ́kọ́ rò pé àìsàn ni. Ebi ni, Fọláhàn. Ebi gidi, èyí tó ń dún nínú ikùn. N kò mọ ebi láti oṣù Èbìbí. Mojísọ́lá wa iṣu kan nínú èyí tí Táyé gbìn sí apá kejì oko, ó dáná, ó sun ún. A jókòó sẹ́bàá ebè náà, mo sì jẹ iṣu náà láìsí epo, láìsí iyọ̀, mo jẹ ẹ́ dé orí rẹ̀. Mojísọ́lá ń wò mí. N kò tíì sunkún. Ṣùgbọ́n ẹnu mi gbọ́ adùn iṣu náà.

Bá mi kí Àánú dáadáa, sọ fún un pé Bísọ́lá á fi aṣọ tó gbàgbé sọ́dọ̀ wa ṣe ẹ̀bùn fún ara rẹ̀, bí kò bá tètè wá mú un. Kí àwọn ọmọ fún mi, kí o sì sọ fún onírẹsì yẹn pé iyán ń dúró dè é. Timothy ń kí ọ, ó ní gọ́tà tí o já sí ṣì wà níbẹ̀.

Màmá ti pé ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Bí ẹ bá wá ní Kérésìmesì, mo fẹ́ kí àwa méjèèjì jọ lọ kí Táyé. Bí a bá padà dé, Màmá á pè ọ́ sí kọ̀rọ̀, wọ́n á bi ọ́ bóyá igi wà níbẹ̀. Jọ̀wọ́, sọ fún wọn pé o fojú rẹ rí i, pé obì ni. Kò ní jẹ́ irọ́. Ó ga dé orúnkún mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó kù nílé,

Kẹ́hìndé Ajíbóyè